Màrìwò Ti Gbẹ, Ẹja Ò Tíì Yé

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Ṣebí òfin ò mú mi."

Ọdúnjọ da àwọ̀n sínú odò tí ẹja ti ń yé, ó sì kó àwọn abo ẹja tí ẹyin wà nínú wọn. Ó mọ̀ pé ẹyin wà níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ló ṣe é, ó tún ń súfèé.

1.

Abúlé Ìdí-Àgbọn wà lẹ́yìn Awoyaya, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà márosẹ̀ tó sì tún ń gbọ́ igbe ọ̀pọ̀lọ́. Odò kan ń ṣàn níbẹ̀ wọ inú ọ̀sà, omi rẹ̀ ò níyọ̀ rárá. Inú odò yìí ni ẹja ọ̀bọ̀kún ti ń wá yé tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Tí àkókò bá tó, àwọn àgbà á fa màrìwò tútù dí ẹnu odò. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pẹja níbẹ̀ títí màrìwò á fi gbẹ. Láyé àtijọ́, kí màrìwò tó gbẹ, òjò á ti rọ̀ dáadáa, àwọn ọmọ ẹja á sì ti máa sáré kiri nínú omi.

Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ti yí padà. Oòrùn ń mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òjò sì ń pẹ́. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, màrìwò gbẹ bí ewé tábà nígbà tí òjò gidi ò tíì rọ̀.

Rùkáyàt tó ń yan ẹja tà létí odò ló kọ́kọ́ fura. Ó la inú ọ̀bọ̀kún kan tí wọ́n pa nínú ọ̀sà, ẹyin ló kún ibẹ̀. Ó gba ilé Bàbá Akínọ̀ṣọ́, olórí àwọn apẹja, lọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká so màrìwò mìíràn. Àwọn ẹja ò tíì yé."

Ọdúnjọ wà níbẹ̀, ó ń jẹ àgbọn. Òun nìkan ló ní ọkọ̀ ojú omi tó ní ẹ́ńjìnnì ní gbogbo abúlé, kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé.

"Rùkáyàt, ìgbà wo lo di agbẹ̀bí ẹja? Bí màrìwò bá gbẹ, omi ti ṣí. Bí àwọn baba wa ṣe wí nìyẹn."

"Bọ̀dá Ọdúnjọ, ṣé oòrùn ayé àwọn baba wa náà ló ń jó wa báyìí?"

Bàbá Akínọ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ lo sọ. Tó bá di àárọ̀ ọ̀la, a ó so òmíràn."

2.

Ọdúnjọ ò dúró de àárọ̀ ọ̀la. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó wọ inú odò, ó sì fi àwọ̀n gbá a láti ẹnu dé ìdí. Nígbà tó dé, ó gbé ẹja wá fún Rùkáyàt kó bá òun la inú wọn.

Rùkáyàt wo agbọ̀n náà. "Ẹ gbé e padà, Bọ̀dá. Mi ò lè fọwọ́ ara mi da ẹja tí mo máa yan lọ́dún tó ń bọ̀ nù."

"Ṣé mo rú òfin ni? Màrìwò tuntun dà?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a fẹ́ so ó."

"Fífẹ́ kọ́ ni síso." Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó fúnra rẹ̀ la ẹja, ó sì da gbogbo ẹyin sílẹ̀ fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Lọ́jọ́ náà ló kó ẹja lọ fún Ìyanuolúwa, ìyá kan tó ní ilé oúnjẹ ní Lẹ́kkí Phase 1. Ó tún ṣèlérí fún un pé: "Tẹ́ ẹ bá ṣí ilé oúnjẹ yín kejì lọ́dún tó ń bọ̀, èmi ni mo máa gbé ọ̀bọ̀kún wá. Mo ti ní odò tèmi."

Ẹ gbọ́ o, odò tèmi. Odò gbogbo ìlú.

3.

Lọ́dún kejì, odò dákẹ́. Àwọ̀n ń gbé bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan àti akàn wá sókè. Iná ààrò Rùkáyàt kú, kò rí nǹkan yan. Òun náà bá forí lé ilé yìnyín ní Awoyaya láti lọ ra ẹja òkú Èkó tí yóò dín tà. Ta ló bá lórí ìlà? Ọdúnjọ ni, ó fa fìlà bojú.

"Bọ̀dá, ẹ kú ìtò o. Ṣé apẹja náà ń tò fún ẹja?"

"Ẹnìkan ló rán mi."

"Ẹ bá mi kí ẹni náà."

Ọdúnjọ rẹ ọ̀bọ̀kún oníyìnyín tó rà sínú omi ọ̀sà, ó fi ewé bò ó, ó gbé e lọ fún Ìyanuolúwa. Ìyá náà tẹ ẹja kan wò, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Ọdúnjọ, ẹja yín yìí ti rìn jìnnà. Òtútù ṣì ń mú un."

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kó má gbé ẹja wá sọ́dọ̀ òun mọ́. Kò pẹ́, Ọdúnjọ ta ẹ́ńjìnnì, ó wá ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ bíi gbogbo èèyàn.

4.

Nígbà tí abúlé pé jọ lórí ọ̀rọ̀ Ọdúnjọ, àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n lé e kúrò lórí omi pátápátá. Bàbá Akínọ̀ṣọ́ kọjú sí Rùkáyàt. "Ìwọ lo kìlọ̀, ìwọ náà ni ebi pa. Kí ni ká ṣe fún un?"

Rùkáyàt wo Ọdúnjọ. Ó rọrùn láti sọ pé, "Ẹ lé e." Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má lé e. Màrìwò nìkan ò tó mọ́ báyìí. Kí àwa obìnrin tí à ń la inú ẹja máa yẹ ọ̀bọ̀kún wò kí odò tó ṣí. Bí ẹyin bá ṣì wà nínú wọn, ká so màrìwò mìíràn. Bọ̀dá Ọdúnjọ ni yóò máa wà wá lọ sórí omi láti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Gbogbo yín?" ni Ọdúnjọ wí. "Pẹ̀lú àjẹ̀?"

"Pẹ̀lú àjẹ̀. A ò kánjú."

Ẹ̀rín sọ. Ọdúnjọ náà gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò rí i ṣe. Nígbà tí màrìwò ọdún náà fẹ́ gbẹ, Rùkáyàt ló kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀ náà, ó jókòó síwájú, ó ní, "Ó yá, Bọ̀dá, ẹ máa wà á lọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Omi kì í ṣe ti ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yá jù. Ẹ má fi òfin àtijọ́ bojú láti jẹ ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa, nígbà tí ẹ rí i pé ojú ọjọ́ ti yí padà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára.