Kòtò Ìka Kan Lára Ilẹ̀kùn Mọ́tò

"Bàbá Morọ́lá, ẹ gbá a síta fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò gbá a."

"Kí ló dé, sà? Kòtò tí kò ju ojú àtàǹpàkò lọ?"

"Torí pé kò ju ojú àtàǹpàkò lọ náà ni. Ta ní ń fi òòlù pa ẹ̀fọn lára ọmọ?"

"Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀ wá wo mọ́tò yìí."

"Kó di ọ̀la náà. Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, ara mọ́tò ti tutù. Ọ̀dà tó bá tutù, tí o bá tì í, ó máa sán. Tí oòrùn bá yọ, màá tú inú ilẹ̀kùn, màá ki irin tí mo fi àkísà wé lórí bọ ẹ̀yìn kòtò yẹn, màá máa tì í síta díẹ̀díẹ̀. O ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣe é rí."

"Tí oòrùn ò bá wá yọ ńkọ́?"

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí o sọ fún ọ̀gá ẹ."

"Ọ̀gá mi kẹ̀?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò, àti ẹ̀yin tí wọ́n ń wà, ẹ jókòó ti ìtàn yìí títí ẹ ó fi kà á tán. Ẹni tó bá já a sí ìdajì yóò rò pé ọ̀rọ̀ mọ́tò lásán ni.

Múrítàlá lẹni tó ń bẹ Bàbá Morọ́lá tó ń tún ara mọ́tò ṣe yẹn. Ọmọ Ìwó ni, dẹ́rẹ́bà Ọ̀gá Kọ́láolúwa ní Ire-Akari. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ọ̀gá ni òun àti Memunat ìyàwó rẹ̀ ń gbé, oyún Memunat sì ti wọ oṣù kẹjọ. Ọ̀gá ń kó lọ sí òkè òkun. Ó ti ta ilé, ó kù kó ta mọ́tò. Ìyáàfin Beatrice tó fẹ́ rà á kò mọ mọ́tò wà. Ó ti ní bí mọ́tò náà bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun yóò gba dẹ́rẹ́bà rẹ̀ mọ́ ọn, yàrá sì wà lẹ́yìn ilé tòun náà. Ẹ ò rí i? Iṣẹ́ Múrítàlá, òrùlé orí rẹ̀, ibi tí wọn yóò tẹ́ ọmọ tuntun sí, gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ mọ́tò yẹn.

Ojúkòkòrò ló fa kòtò náà. Ọ̀gá ní kó lọ fọ mọ́tò, Múrítàlá yà sí Òṣòdì, ó ń fi gbé èrò. Níbi tó ti ń pe èrò ni ọmọlanke kan ti fi igun rẹ̀ gún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ẹ sọ fún wọn," Memunat wí nígbà tó délé. "Ẹ sọ pé ọmọlanke ló gbá a."

"Wọ́n á bi mí pé níbo."

"Ẹ sọ ibi tó jẹ́."

"Kí wọ́n lé mi lónìí, kí obìnrin yẹn má sì gbà mí lọ́la? Memuna, jẹ́ n ronú."

Kò ronú. Ọ̀gá kò tíì dé láti ibi iṣẹ́, ló bá tú inú ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ó fi àkísà wé orí sípánà táyà, ó kì í bọ̀ ọ́. Ó tì í, kò gbọ́. Ó tún tì í. Ó wá gbá a. Kòtò jáde lóòótọ́, àmọ́ ó yọ gọ́ngọ́ síta bí oówo, ọ̀dà orí rẹ̀ sì sán, ó ń ṣí bí èèpo ẹyin. Múrítàlá fi ìka tẹ èèpo náà padà, bí ẹni pé yóò lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun ń lọ fọ mọ́tò. Abẹ́ bíríìjì ní Òṣòdì ló gbà lọ, lọ́dọ̀ Bọ́lájí tó ń kun mọ́tò.

"Ogójì ìṣẹ́jú," Bọ́lájí ní. "Ẹni tó ṣe mọ́tò yìí gan-an ò ní mọ̀."

Ó gbá ibi tó yọ gọ́ngọ́ wọlé, ó fi pọ́tì tó rí bí amọ̀ dí i, ó fín ọ̀dà sí i. Nínú òjìji abẹ́ bíríìjì, àwọ̀ méjèèjì bára mu. Múrítàlá ṣàdúrà fún un. Nígbà tó fi máa dé Ire-Akari, oòrùn ti yọ kanrí.

Ìyáàfin Beatrice dé lọ́sàn-án. Ó yí mọ́tò ká, ó ń fi eegun ìka kan ara rẹ̀: kó, kó, kó. Ó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bù.

"Dẹ́rẹ́bà, kí ló ṣe ibí?"

"Kò sí nǹkan, Mà."

"Ọ̀dà tuntun ni."

"Bí wọ́n ṣe rà á nìyẹn, Mà."

Ọ̀gá Kọ́láolúwa yíjú sí i. "Múrítàlá, bí ta ló ṣe rà á?"

Ló bá kúnlẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: Òṣòdì, ọmọlanke, sípánà, Bọ́lájí.

"Kòtò ìka kan ni, Mà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Irú èyí tí àbúrò mi rà náà nìyí. Wọ́n ní kòtò kékeré ni. Nígbà tí wọ́n máa fi họ ọ̀dà kúrò, mọ́tò tó ti gbókìtì ni."

"Ẹ má rà á nígbà náà, Mà. Ẹ ṣáà gbà mí síṣẹ́. Ìyàwó mi..."

Obìnrin náà pa báàgì rẹ̀ dé.

"Ọjọ́ Àìkú," Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ ròkè. "Kó o ti kó ẹrù ẹ kó tó di ọjọ́ Àìkú."

Memunat ti gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ lórí okùn, bẹ́ẹ̀ aṣọ ọ̀hún ò tíì gbẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí nǹkan oníǹkan bá ní àbùkù lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ẹnu yín ṣáájú òòlù débẹ̀. Bó bá sì jẹ́ tiyín ni, ẹni tó ní kí ẹ dúró de oòrùn ni kí ẹ gbé e fún, kì í ṣe ẹni tó ń ṣèlérí ogójì ìṣẹ́jú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ìyáàfin Beatrice kò bá a jà o. Ó dé ẹnu géètì, ó wẹ̀yìn wo ọkùnrin tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ká ní o fi kòtò yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà ni, dẹ́rẹ́bà, ìwọ ni ì bá máa wà mí lọ sílé báyìí."