Àga Ló Hàn Kedere

Fíìmù kẹta tí ìyá kan fi ya ọmọ rẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ̀ ọ́, àga náà sì tún rẹwà. Èèyàn lè ka òwú ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ológbò ti họ ọ́ hàn kedere. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó jókòó sínú rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n yà láti inú omi ọṣẹ.

"Bí àga yìí bá ń wá ọkọ," ni ọkọ ìyá náà wí, "fọ́tò tó máa fi ránṣẹ́ ti wà nílẹ̀."

Ọkọ àti ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ìyá náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé bí òun kò bá bá wọn rín in, wọ́n á rín in láìsí òun.

Ọjọ́bọ̀ ni ọmọ náà ń lọ. Ó ríṣẹ́ sí ìlú kan tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ òfuurufú lèèyàn á sùn mọ́jú kó tó débẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ ń wá, èyí tí ojú ọmọ náà á hàn dáadáa, tí òun á gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó wà nínú fóònù ti bá omi lọ lọ́jọ́ tí fóònù já bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, níbi tí ìyá náà ti ń pe ọmọ náà láti bi í bóyá ó ti jẹun. Pálọ̀ ni ọmọ náà wà nígbà yẹn.

Látìgbà náà ló ti ní fíìmù ni òun ó máa lò. Ó ra àlòkù kámẹ́rà kan, irú èyí tí èèyàn ń rí àwòrán méjì nínú fèrèsé kékeré rẹ̀, tí á máa yí lẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán méjèèjì á fi bọ́ sórí ara wọn. Bí wọ́n bá ti di ọ̀kan, ó parí. Ẹni tó tà á fún un ní ọmọdé lè lò ó. Ìyá náà kì í ṣe ọmọdé. Bóyá ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ti fi ẹ̀sùn kan lẹ́ǹsì. Ó ti fi kan fíìmù, ó fi kan iná pálọ̀, ó fi kan àwọn tó ń fọ fọ́tò, ó sì ti ra ìgò ojú tuntun. Ìgò tuntun náà jẹ́ kó rí àga dáadáa sí i.

"Gbé orí ti àga," ló máa ń sọ.

"Ó wà níbẹ̀, Mọ́mì."

"Má mira o."

"Mi ò mira."

"Ṣó o ti mumi?"

"Mọ́mì, kí lomi fẹ́ ṣe nínú fọ́tò?"

Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀ tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí ìyá rẹ̀ bá bi í bóyá àárò ilé máa sọ ọ́, á ní, "Fóònù wà." Ìyá náà gbọ́ níbi tó ti ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé ara òun ti wà lọ́nà. Ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ yàrá, ó sì ń rò ó bóyá inú ọmọ náà dùn pé ó ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Kò lè bínú. Ẹni tó tẹ̀ lé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì lọ́jọ́ tó wọ yunifásítì, tó dúró síbẹ̀ títí olùkọ́ fi bi í bóyá òun náà ti forúkọ sílẹ̀, kò yẹ kó yà á lẹ́nu pé ọmọ fẹ́ mí.

Ní ọjọ́ tó ṣíwájú ìrìn àjò náà, ó gbé kámẹ́rà àti ọmọ, ó kó àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ atúnkámẹ́ràṣe. Ọkùnrin náà ti tún lẹ́ǹsì yẹn ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún tẹ́ rúlà sórí tábìlì, ó gbé kámẹ́rà sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó wò ó pẹ́, ó wá gbé e fún ìyá náà pé kó dán an wò lára ọmọ.

"Màmá, kò sóhun tó ṣe kámẹ́rà yín."

"Tí kò bá ṣe kámẹ́rà, kí ló ṣe?"

"Ẹ̀yin ni." Ó nu ọwọ́. "Ẹ máa wo ọmọ títí àwòrán á fi di ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ tẹ bọ́tìnnì, ọkàn yín á fà sí i, ẹ á sún mọ́ ọn díẹ̀. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ti tó bà á jẹ́. Àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni fọ́tò máa mú."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ ò rí i? Mo ní mi ò mira."

Ọ̀rọ̀ náà bá ìyá náà mu ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n de òun mọ́lẹ̀.

Wọn kò dè é, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe kò jìnnà sí i. Ọkùnrin náà gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́bàá ògiri, ó ti ìyá náà sẹ́yìn kámẹ́rà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbá ògiri. Ó ní kó tẹ̀ ẹ́ wò láìsí fíìmù.

"Ẹ tún ń pajú dé," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ lajú sílẹ̀."

"Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ yìí ló kọ́ mi," ni ìyá náà wí.

Nígbà tí fíìmù wọnú kámẹ́rà tán, ọmọ náà jókòó sínú àga gíga tó wà fún oníbàárà, ó gbé orí tì í. Ìyá rẹ̀ yí lẹ́ǹsì. Ojú méjèèjì sún mọ́ra, wọ́n di ojú kan, ó mọ́ gaara débi tó fi rí àpá kékeré tó wà lókè ìpéǹpéjú ọmọ náà. Ó dá èémí dúró. Kò béèrè bóyá ọmọ ti mumi.

Kámẹ́rà dúró gbagidi lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yìn ìyá náà lẹ̀ mọ́ ògiri, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n bí ìka rẹ̀ ṣe ń kan bọ́tìnnì ni ojú kan náà tún pín sí méjì, nítorí pé orí ọmọ náà ti kúrò lára àga, ó ń bọ̀ wá bá a.