Àpò Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ìwé kan lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn agbaninímọ̀ràn pé kí oníkálukú bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá bọ́ tirẹ̀, ó wo ti ọmọbìnrin rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ bá mi wo bàtà ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọkọ̀ ojú omi méjì. Ẹsẹ̀ ìyá mi ló jogún.”

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó to sálúbàtà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wọlé.

Agbaninímọ̀ràn, obìnrin tó máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ àti òbí wọn sọ̀rọ̀, ní kí wọ́n jókòó. Bàbá gbé àpò aláwọ̀ ewé kan lé tábìlì, ó fa síìpù rẹ̀, ó kó ohun inú rẹ̀ jáde: aṣọ tuntun méjì, táwẹ́ẹ̀lì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, bàtà dúdú tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Kò wo èyíkéyìí nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì.

“Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ni mo ti bá a. Ó fẹ́ sá nílé.”

“Ṣé òótọ́ ni?” agbaninímọ̀ràn bi ọmọ náà.

Ọmọ wo ìyá rẹ̀ kí ó tó dáhùn. “Òótọ́ ni, Ma.”

“Níbo lò ń lọ?”

“Mi ò tíì mọ̀.”

“Kí ló ń lé ẹ?”

Bàbá ló fèsì. “Kò sí ohun tó ń lé e. Ó ń jẹ, ó ń mu. Oríkunkun lásán ni.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, Ma? Kí lẹ rí sí i?”

“Ohun tí mo sọ yẹn náà lòun fẹ́ sọ,” ni bàbá wí.

“Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ni, sà.”

Ìyá ń ká etí táwẹ́ẹ̀lì náà mọ́ ìka. “Ohun tí bàbá ẹ̀ sọ náà ni.”

Agbaninímọ̀ràn ní òun fẹ́ bá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀. Bàbá mi orí.

“Kí ló fẹ́ sọ tí èmi tí mo bí i ò gbọdọ̀ gbọ́?”

“Kò burú, Ma,” ni ọmọ wí. “Èmi ni mo di ẹrù. Tí wọ́n bá fi mí sílẹ̀ lémi nìkan, màá tún dì í.”

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ṣé o gbọ́? Láti òní, o ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ jọ máa lọ sílé ìwé, ẹ jọ máa bọ̀. Yàrá ẹ̀ ni wàá máa sùn. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ géètì máa wà.”

“Títí di ìgbà wo?” ni ìyá béèrè.

“Títí tó fi máa wọ yunifásítì.”

“Ọdún mẹ́ta,” ni ọmọ wí wẹ́rẹ́. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Látìgbà tó ti wọlé, ìgbà yìí ni èjìká ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀.

“Ẹ ò rí i, ó ti gbà,” ni bàbá wí. “Ẹ ṣeun, Ma. Ẹ mọṣẹ́ yín.”

Ọmọ yára kó ẹrù padà sínú àpò kí ẹnikẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́.

Níbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, bàtà dúdú náà yọ bọ́ láti inú àpò. Agbaninímọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ mú un, ó sì rí i pé kò lè gbà ju ìdajì ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ, pé sálúbàtà tí ìyá ń wọ̀ lọ́wọ́ ló bá mu régí.