Ọwọ́ Tó Di Sípánà Mú

Inú Bádéjọkọ ń ru. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì tí àbúrò rẹ̀, Ṣẹ̀yẹ, búra pé òun ti pààrọ̀ ló já lójú ọ̀nà igbó yìí. Mopélọ́lá ìyàwó rẹ̀ sì ń rọbí nínú ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù náà, ó ń ké pe Jésù.

"Lọ já ewé, kó o tò ó sójú títì lẹ́yìn, kí ọkọ̀ míì má baà gbá wa!" Bádéjọkọ jágbe mọ́ Ṣẹ̀yẹ. "Kó o sì tètè padà, onírọ́!"

Ilẹ̀ ti ṣú. Bádéjọkọ gbé bẹ́líìtì àlòkù tó wà lábẹ́ àga kọ́ inú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó ku ẹni tí yóò fi sípánà fa irin tó ń mú bẹ́líìtì le sẹ́yìn. Ó gbọ́ tí ẹnìkan dúró ní òdìkejì bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀? Di sípánà yìí mú! Fà á!"

Ọwọ́ kan nà jáde láti inú òkùnkùn, ó fà á. Kò gbọ̀n rárá. Àwọn ìrẹ̀ dákẹ́.

"O ò lè fèsì ni? Ọ̀dẹ̀!"

Bẹ́líìtì bọ́ sí àyè rẹ̀. Ọwọ́ Bádéjọkọ kan ọwọ́ yẹn. Ó tutù bí òkúta odò, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ṣì ń jóni.

"Bọ̀ọ̀dá mi," Ṣẹ̀yẹ ké láti ọ̀ọ́kán, "ṣé ewé yìí ti tó, àbí kí n tún já sí i?"

Ọwọ́ náà kò kúrò lórí sípánà, ó ń retí àṣẹ. Mopélọ́lá tún ké nínú ọkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Bádéjọkọ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ tú u sílẹ̀."

Ọwọ́ náà rọra tú u sílẹ̀, ó sì padà sínú òkùnkùn.