Láptọ́ọ̀pù Tó Tóbi Bíi Tẹlifíṣọ̀n

Ojú ń ti Olúyẹ́misí nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta láptọ́ọ̀pù ní Ìkátẹ.

Ìyá rẹ̀ ló fà á. Ó gbá èyí tó tóbi jù mọ́ àyà, kò fẹ́ gbé e sílẹ̀.

"Mọ́mì, ta ló tún ń ra irú èyí láyé òde òní? Kékeré yìí fúyẹ́, ó máa wọ báàgì yín. Àbí tẹlifíṣọ̀n lẹ wá rà ni?"

Ọkùnrin tó ń tajà fọwọ́ bo ẹ̀rín.

"Èyí ni mo fẹ́," ni ìyá wí.

Olúyẹ́misí pòṣé. Lọ́la ló ń lọ sí Kánádà. Ó fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù fún ìyá rẹ̀ kí wọ́n lè máa rí ara wọn lórí fídíò.

Ṣùgbọ́n àṣehàn ni Mọ́mì ń bá kiri! Àwọn ìyá aláṣọ funfun ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ fi gàgàrà yìí hàn.

"Ẹ gbé e o! Tí èjìká bá ń dùn yín, ẹ má pè mí."

Ìyá ní kí ọkùnrin náà fi láptọ́ọ̀pù náà ya Olúyẹ́misí ní fọ́tò, kó sì fẹ ojú rẹ̀ tóbi títí tó fi kún gbogbo gíláàsì ẹ̀rọ náà.

Ìyá wá sún mọ́ gíláàsì náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Yẹ́misí, o mà ti rù o."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ojú mi ti ń ṣókùnkùn láti ọdún tó kọjá. Ohùn ẹ ni mo fi ń dá ẹ mọ̀. Mi ò sọ, kó o má baà fagi lé ìrìn àjò ẹ."