Píìnì Àyà Bùbá

Ganiyat, ìyàwó Nùrẹ́nì, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó lawọ́, ó láàánú, ilé rẹ̀ sì máa ń mọ́ tónítóní. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí ó bá ti mọ nǹkan kan ṣe, kò sí ẹni tó tún lè bá a wí nípa rẹ̀ mọ́. Á rẹ́rìn-ín sí ọ, á ní òun ti gbọ́, á sì máa bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lo bá sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Akówonjo. Ìránṣọ kì í ṣe iṣẹ́ tó fi ń jẹun, ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀ nílé wọn ní Ìgándò, ìdí rẹ̀ ló sì máa ń sá sí bí ariwo àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti sú u. Níbẹ̀ ló ti kọ́ àṣà kan. Bí ó bá yọ píìnì kúrò lára aṣọ tó ń rán, kì í dá a padà sínú agolo. Àyà bùbá ọrùn rẹ̀ ló máa ń fi í há, kó lè tètè rí i mú. Ọdún márùn-ún tó fi ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, píìnì kankan kò sì gún un.

Nígbà tó bí Fàdìlàt, ìyá Nùrẹ́nì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti tọ́jú ìyá àti ọmọ. Téló ni màmá náà nígbà tó ṣì lágbára, ó sì mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń yún ẹni tó fẹ́ràn abẹ́rẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ pé oṣù méjì, tí Ganiyat ní òun fẹ́ rán aṣọ tí òun àti ọmọ òun máa wọ̀ lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá, màmá kò dí i lọ́wọ́. Ó ní kó máa rán an díẹ̀díẹ̀, kó máa dìde na ẹ̀yìn, kó má sì fi oúnjẹ ṣeré. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sí àyà bùbá Ganiyat.

"Ìyàwó mi, àyà yìí kì í ṣe tìẹ nìkan mọ́," ó ní. "Orí ọmọ ló ń sùn síbẹ̀. Yéé fi píìnì há a."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi. Mo máa ń yọ ọ́ kí n tó gbé e."

Lọ́jọ́ kejì, màmá gé àkísà, ó ki òwú sínú rẹ̀, ó fi ṣe tìmùtìmù kékeré kan tó ní rọ́bà tí wọ́n lè fi so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, kí Ganiyat lè máa fi píìnì gún ibẹ̀. Ganiyat kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ gan-an, ó sì fi í kọ́ ìṣó lára ògiri. Ibẹ̀ ló wà.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, ó fún ọmọ lọ́mú tán, ó rí ìlà pupa tín-ín-rín kan lápá ọmọ náà. Ó wo àyà ara rẹ̀. Píìnì kan ló wà níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ já, ó yọ ọ́ kíákíá. Nígbà tí màmá bi í léèrè ohun tó ha ọmọ lára, ó ní èékánná ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni. Màmá dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ò tètè gé e. Ó gé èékánná ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ funfun wọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ganiyat jókòó, ó ń wò ó. Ká ní ó sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Kó tó di ọjọ́ kẹta, píìnì ti padà sáyà bùbá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la, apá kan ṣoṣo ló kù lára aṣọ ọmọ náà. Màmá ń kírun lọ́wọ́ nínú yàrá nígbà tí Fàdìlàt bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ganiyat ní òun ń bọ̀, ó sì ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Igbe náà le sí i. Ó sáré dìde, ó gbé ọmọ, ó gbá a mọ́ àyà bí gbogbo abiyamọ ṣe máa ń ṣe. Igbe náà yí padà. Ó rò pé ebi ni, ló bá tún gbá a mọ́ra gan-an. Nígbà tó máa gbé e kúrò láyà, ojú òsì ọmọ náà ti pa dé, omi pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn níbẹ̀.

Bí àwọn èèyàn ṣe ń lọ sí yídì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni wọ́n wà. Dókítà ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Ó ní píìnì náà ti wọlé jù, ojú yẹn kò ní ríran mọ́. Ibẹ̀ ni Ganiyat ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ìlà pupa tó wà lápá. Nùrẹ́nì kò gbójú sókè. Màmá kò bú u. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún Fàdìlàt, ó bọ́ ti òsì, ó sì ká wọn pọ̀.

"Mo di ọmọ yìí lọ́wọ́," ó ní. "Ọmọ náà kò sì ṣe nǹkan kan."

Fàdìlàt ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta báyìí. Bí wọ́n bá pè é láti apá òsì, gbogbo ọrùn ló máa yí kó tó rí ẹni tó ń pè é. Aṣọ Iléyá ọjọ́sí ṣì wà nínú àpótí, ó ku apá kan. Ganiyat ti padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Tìmùtìmù màmá ló máa ń so mọ́ ọwọ́ ní gbogbo ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti já ọmọ náà lẹ́nu ọmú tipẹ́.

Ẹ̀yin abiyamọ, ìtàn yìí kò ní kí ẹ má padà sí ohun tí ọkàn yín fẹ́. Inú ìyá tó dùn dára fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ àṣà àtijọ́ wò kí ẹ tó padà sídìí rẹ̀, nítorí ohun tí kò pa yín lára nígbà tí ẹ dá wà lè pa ọmọ tó sùn sáyà yín lára. Ẹ fi píìnì síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé, ẹ bọ́ aṣọ tí ẹ wọ̀ ránṣọ kí ẹ tó gbé e, ẹ sì gba ìmọ̀ràn ẹni tó ti ṣe é rí. Bí àṣìṣe kékeré bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ sọ òótọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àìgbọràn ni Ganiyat fi bẹ̀rẹ̀, irọ́ èékánná ló gba ojú ọmọ rẹ̀.