Ikú Ọmọ Olùlàjà

"Ẹ̀yin lẹ pa á!" Siroi, ọ̀gá àwọn ọlọ̀tẹ̀, nàka sí Benedik, ọ̀gá àwọn tó ń jà fún ìjọba.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀? Wo ẹnu ẹ, ó pọ́n bí ẹnu ẹni tó mu ẹ̀jẹ̀."

"Buai, èso tí gbogbo wa ń jẹ lẹ́nu, ni mo jẹ. Ìwọ tó ò ń gbé ìbọn fún ìjọba ńkọ́, kí lo jẹ?"

Àwọn èèyàn tó kún inú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń ṣèpàdé àlàáfíà ní erékùṣù Bougainville ti ń dìde láti jà. Wọ́n ti fẹnu kò lórí gbogbo nǹkan, títí kan bí wọ́n ṣe máa ṣí ọ̀nà kí oògùn lè wọlé. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tí wọ́n yìnbọn pa létí odò nìkan ló kù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà pé òun ló pa á.

Ìyá àgbà tó ń là wọ́n níjà jókòó sáàárín wọn. Òun ló bí ọmọ náà. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Mama, ẹ sọ fún un," ni Benedik wí. "Ta ló pa á?"

"Ibà ni."

Siroi wà lára àwọn tó gbé òkú náà. Benedik pàápàá rí ihò ọta láyà rẹ̀.

"Ibà kẹ̀, Mama?"

"Èmi ni mo bí i. Ibà ló pa ọmọ mi. Ẹ bọ ara yín lọ́wọ́."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn èèyàn bú sẹ́kún, wọ́n ń dì mọ́ra wọn.

Àlùfáà wá dìde láti gbàdúrà fún àwọn tí ogun pa, ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ọmọ náà, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì fò ó.

"Àmín," ni ìyá náà wí.